Ẹsẹ̀ ọmọdé lórí dẹ́kìn: kí la lè ṣe kí ará ìsàlẹ̀ rí oorun sùn?

Màmá Tẹní, Ìjọ̀kà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ ariwo ọmọ wẹ́wẹ́ ló gbé mi wá. Mo mọ̀ pé bíríkìlà, káfíńtà àti olùkọ́ ọmọ pọ̀ níbí, mo sì ń wá ìdáhùn tí èèyàn lè fọwọ́ ṣe, tó ju "ẹ máa bá wọn wí" lọ.

Bí ilé ṣe rí nìyí. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, fúláàtì méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Òkè la wà. Táìsì ni gbogbo ilẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan gba àárín pálọ̀ dé yàrá, ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 16, ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 4, ibẹ̀ làwọn ọmọ ti ń sáré. Ọmọ mẹ́ta ni: ọmọ ọdún 6, ọmọ ọdún 3 àti ọmọ oṣù 8. Bàbá tó wà nísàlẹ̀ ń ṣiṣẹ́ òru, ọ̀sán ni wọ́n ń sùn, wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ń dún lórí àwọn bí ẹni ń gúnyán. Ìdílé tí ògiri kan ṣoṣo pa wá pọ̀ náà ń ráhùn pé ẹkún ọmọ kékeré ń jí àwọn lóru. Láńdíọ́ọ̀dù ti gbọ́ sí i, wọ́n sì ti ń dárúkọ nótíìsì.

Ìbéèrè mi ni pé: kí la lè ṣe sí ilẹ̀ láìhú táìsì onílé? Ṣé òótọ́ ni pé páálí ẹyin tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ògiri máa ń gba ariwo? Báwo la ṣe máa bá bàbá yẹn sọ̀rọ̀ kí ó má di ìjà? Òjò tún ti dé, àwọn ọmọ kò fi bẹ́ẹ̀ ráyè jáde.

Bíríkìlà Ọbá-Ilé

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Màmá Tẹní. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ariwo sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí oògùn ọ̀kan kọ́ ni oògùn èkejì. Ariwo kan ń gba inú afẹ́fẹ́: ẹkún, igbe, tẹlifíṣọ̀n. Òmíràn wà tó jẹ́ pé ara ilé gan-an ló ń gbé e kiri: ẹsẹ̀ tó balẹ̀, àga tí wọ́n wọ́, ohun ìṣeré tó já bọ́. Èkejì yìí ni bàbá ìsàlẹ̀ ń gbọ́. Bí ẹ bá ní kí àwọn ọmọ panu mọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, kò ní dín in kù, torí pé ẹnu kọ́ ló ń dún.

Dẹ́kìn tí wọ́n ń dà sí ilé gbígbé níhìn-ín sábà máa ń nípọn tó íǹṣì 6. Ó wúwo, ìyẹn ló fi ń dá ohùn ẹnu dúró dáadáa. Ṣùgbọ́n táìsì tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì lẹ̀ mọ́ ọn ti di ara kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Bí gìgísẹ̀ ọmọ bá ti balẹ̀, kò sí ohun rírọ̀ kankan láàárín tó máa gba agbára yẹn. Dẹ́kìn á gbọ̀n, ògiri tó gbé e á gbọ̀n tẹ̀lé e, yàrá ìsàlẹ̀ á sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òkè la ti ń wo àìsàn yìí. Bí bàbá yẹn bá náwó sórí sílìn POP, owó wọn á ṣòfò, torí ariwo á ṣì gba ara ògiri sọ̀kalẹ̀ wá bá wọn.

Ẹ fi ohun rírọ̀ sí ibi tí ẹsẹ̀ ti ń balẹ̀ jù, kì í ṣe gbogbo ilé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹní fóòmù aláwẹ́-aláwẹ́ tí wọ́n ń kì bọ ara wọn, èyí tí wọ́n ń tà fún yàrá ọmọdé, ló rọrùn jù. Ẹ má ra kékeré tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní lẹ́tà lára. Ẹ ra èyí tí awẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2 sí 2, tó nípọn tó mílímítà 12 ó kéré tán. Bí ẹ bá rí 20, ó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín á gba awẹ́ 16. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 á gba 36. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀: bí àtàǹpàkò bá kan ìsàlẹ̀ wẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ ọmọ ọdún 6 tó ń fò náà máa kàn án. Fóòmù tó bá rọ̀ jù á ti pẹlẹbẹ kó tó gba agbára ẹsẹ̀ tán, táìsì náà lọmọ ṣì ń gbá. Èyí tó le díẹ̀, tó ń tètè padà sípò, lẹ fẹ́.

Ẹ tẹ́ rọ́ọ̀gì tó wúwo lé e lórí. Àwọn méjèèjì pọ̀ dára ju ọ̀kan ṣoṣo lọ. Lẹ́nọ́ lásán, tàbí rọ́ọ̀gì fẹ́lẹ́, á pa kòkòkò bàtà àti ìró ohun ìṣeré, ṣùgbọ́n gbì-gbì gìgísẹ̀ á ṣì máa kọjá, torí ohùn tó bá ti wúwo báyẹn kò ka aṣọ fẹ́lẹ́ sí. Ẹ má retí pé yóò parẹ́ pátápátá. Yóò dínkù débi tí ẹni tó ti sùn á fi lè máa bá oorun rẹ̀ lọ.

Ìkìlọ̀ kan. Àwọn kan máa ní kí ẹ bá onílé sọ ọ́ kí wọ́n da ilẹ̀ tuntun sórí rọ́bà. Ọ̀nà gidi ni fún ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́: wọ́n á tẹ́ rọ́bà tàbí fóòmù líle sórí dẹ́kìn, wọ́n á tẹ́ náílọ́ọ̀nù lé e, wọ́n á da sìmẹ́ǹtì oníyanrìn tó nípọn tó mílímítà 65, wọ́n á sì fi rọ́bà yí etí rẹ̀ ká kí ilẹ̀ tuntun má fara kan ògiri rárá. Bí sìmẹ́ǹtì bá yọ́ gba etí kan lọ kan ògiri, ariwo ti rí ọ̀nà gbà nìyẹn, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Lórí dẹ́kìn tó ti wà nílẹ̀ ńkọ́? Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 péré, sìmẹ́ǹtì yẹn á wọn tó kílò 1,800. Bí ẹnjiníà kò bá tíì yẹ dẹ́kìn àti òpó rẹ̀ wò, kí ẹnikẹ́ni má dán an wò.

Káfíńtà Ìsìnkàn

Bíríkìlà ti sọ ti ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti igi àti irin, torí pé nínú ọ̀pọ̀ ilé, àga àti ilẹ̀kùn ló ń dá ẹjọ́ sílẹ̀, ọmọ la wulẹ̀ ń rí bá wí.

Ẹ lọ bá fọkanáísà, ẹ ra túùbù ọkọ̀ tó ti bàjẹ́. Ẹ gé e ní ìwọ̀n ìdí ẹsẹ̀ àga kọ̀ọ̀kan, ní ìlọ́po méjì, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù aránbàtà lẹ̀ ẹ́. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lẹ̀ ẹ́ ṣe pàtàkì. Ẹ fi sáńpépà ha ìdí ẹsẹ̀ àga àti ojú túùbù, ẹ nu eruku rẹ̀ nù, ẹ fi gọ́ọ̀mù kun ojú méjèèjì, kí ẹ wá fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́. Ìgbà náà ni kí ẹ tó tẹ̀ wọ́n pọ̀, kí ẹ fi hámà lù ú. Ẹni tó bá lẹ̀ ẹ́ pọ̀ nígbà tí gọ́ọ̀mù ṣì tutù, kò ní pẹ́ tó fi máa ṣí. Àga rọ́bà funfun kì í fẹ́ gba gọ́ọ̀mù ní tirẹ̀; ẹ fi ìbọ̀sẹ̀ tó ti gbó wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, kí ẹ fi ọ̀já túùbù dì í.

Ilẹ̀kùn: ẹ gé túùbù tó fẹ̀ tó ìka kan, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ férémù níbi tí ilẹ̀kùn ti ń gbá a, ní ojú mẹ́ta, lókè kọ́kọ́rọ́, nísàlẹ̀ kọ́kọ́rọ́ àti nítòsí orí ilẹ̀kùn. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ yípo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní tì mọ́. Ilẹ̀kùn onírin àbáwọlé ló burú jù nínú gbogbo wọn, torí pé ara ògiri ni wọ́n rì í mọ́, gbogbo ilé ló sì máa ń gbọ́ ọ nígbà tó bá gbá gbàmù. Ẹ fi gírísì sí ínjì rẹ̀, kí ẹ sì kọ́ ọmọ ọdún 6 yẹn láti máa fọwọ́ mú un títí yóò fi tì. Ó ti tó kọ́.

Bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọ: ẹ má jẹ́ kí orí rẹ̀ kan ògiri, kí ìka méjì lè wọ àárín wọn. Ẹ mú nọ́ọ̀tì rẹ̀ le dáadáa. Bí wọ́n bá fẹ́ràn kí wọ́n máa fò lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ tú igi rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ tẹ́ fóòmù sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí ẹní tí Bíríkìlà sọ. Ọmọ tó ń fò lórí bẹ́ẹ̀dì onígi, ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fi lu dẹ́kìn.

Ẹ jọ̀ọ́, odó ńkọ́? Iyán kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ l'Ákúrẹ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń gún un lórí dẹ́kìn, ẹ má dá ọmọ lẹ́bi mọ́. Ẹ gbé odó sọ̀kalẹ̀ sórí ilẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ gbé e lé táyà ọkọ̀ àtijọ́ tí ẹ ti tẹ́ àpò ìrẹsì méjì sábẹ́ rẹ̀, ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná níbi tí ògiri méjì ti pàdé, má ṣe gbé e sí àárín yàrá. Àárín yàrá ni dẹ́kìn ti máa ń gbọ̀n jù.

Màmá Tẹní, Ìjọ̀kà

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ti ẹsẹ̀ àga yẹn, òní ni màá bẹ̀rẹ̀. Kò tíì sí ẹni tó dáhùn ti páálí ẹyin. Mo tún fẹ́ bi yín: ṣé kí n máa ti fèrèsé pa lóru torí ẹkún ọmọ?

Ọmọ Òkè-Àró

Ẹ̀yin lẹ kàn ń da ara yín láàmú. Ọmọ kò ní ṣeré ni? Bí ó bá ń dun bàbá yẹn, kí wọ́n kó lọ sí ilé tí kò ní òkè. Bó bá sì jẹ́ àwọn ọmọ ni kò gbọ́ràn, ẹgba mẹ́ta ti tó.

Bíríkìlà Ọbá-Ilé

Màmá Tẹní, páálí ẹyin kò lè gba ariwo kankan fún yín. Ohun méjì ló ń dá ohùn dúró: ìwúwo àti dídí gbogbo ihò. Páálí ẹyin kò wúwo, ó sì kún fún ihò. Ohun tó lè ṣe kò ju pé kó dín ìró tó ń ta padà nínú yàrá yín kù díẹ̀. Ará ẹ̀gbẹ́ ògiri kò ní mọ̀ pé nǹkankan yí padà. Aáyán á wá sọ ọ́ di ilé, bí iná bá sì ràn án, kò sí ohun tó máa dá a dúró. Kí ẹ má lẹ̀ ẹ́ sí yàrá tí ọmọ ń sùn.

Ògiri búlọ́ọ̀kù onííǹṣì 6 tí wọ́n rẹ́ lójú méjèèjì tó láti dín ẹkún ọmọ kù gan-an. Nítorí náà, bí wọ́n bá ń gbọ́ ọ kedere, ihò ló wà níbì kan. Ẹ tan rédíò sí yàrá ọmọ, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ará ẹ̀gbẹ́ yín láti wọlé tẹ́tí sí i. Ẹ gbé etí sí àárín ògiri, sí ẹ̀bá sọ́kẹ́ẹ̀tì, sí abẹ́ sílìn, sí fèrèsé. Ibi tó bá ti pariwo jù ni iṣẹ́ wà.

Bí abẹ́ sílìn bá ni, mo fura pé ògiri tó wà láàárín yín kò dé páànù. Ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n ń kọ́ báyẹn: ògiri á dúró níbi tí sílìn máa wà, gbogbo inú òrùlé á wá ṣófo láti fúláàtì kan dé èkejì. Ẹkún á gba ara sílìn gòkè, á rìn kọjá lórí ògiri, á sì sọ̀kalẹ̀ sọ́dọ̀ wọn. Iṣẹ́ onílé nìyẹn. Búlọ́ọ̀kù onííǹṣì 5 ni kí wọ́n tò lé orí ògiri náà títí yóò fi kan páànù, kí wọ́n rẹ́ ẹ, kí wọ́n sì fi sìmẹ́ǹtì dí àyè tó wà láàárín igi òrùlé. Orí ògiri ni kí ó jókòó lé, kì í ṣe orí igi sílìn.

Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá ni, àwọn oníṣẹ́ iná máa ń gbẹ́ ihò tiyín àti tiwọn sí ẹ̀yìn ara wọn gẹ́lẹ́, débi pé páálí tín-ín-rín ló kù láàárín. Ẹ pe oníṣẹ́ iná, kí ó pa iná láti ibi mítà, kí ó tú u, kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì dí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó gbẹ dáadáa kí iná tó padà. Kí ẹnikẹ́ni má ki bébà tàbí fóòmù sínú ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ní ti fèrèsé, ẹ má ti gbogbo rẹ̀ mọ́ ọmọ nínú ooru. Ẹ ti èyí tó súnmọ́ fèrèsé tiwọn, kí ẹ ṣí èyí tó wà ní òdìkejì. Bó bá jẹ́ fèrèsé lúfà, títì tiẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan, torí àárín gíláàsì rẹ̀ kì í pa pọ̀. Ó sàn kí ẹ gbé ibùsùn ọmọ lọ sí yàrá tí ògiri tiwọn kò kàn, kí ẹ sì gbé kọ́bọ́ọ̀dù tí aṣọ kún inú rẹ̀ sí ìdí ògiri àjọpín.

Olùkọ́ Jẹ́lé-ó-sinmi

Ọmọ Òkè-Àró, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi ẹgba sílẹ̀. Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ, ọmọ ọdún 3 tó ń sáré kò tilẹ̀ tíì ṣe ohun burúkú kankan. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2019, ní kí ọmọ ọdún 3 sí 4 máa lo ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 180 ó kéré tán lójúmọ́, kí 60 nínú rẹ̀ jẹ́ eré tó ń mú èémí yára. Ara rẹ̀ ló ń béèrè fún un. Bí ẹ kò bá fún un ní ibi tí yóò ti lò ó, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ló máa lò ó.

Torí náà, Màmá Tẹní, ẹ béèrè aago tí bàbá ń sùn àti aago tí wọ́n ń jí, kí ẹ to ọjọ́ àwọn ọmọ yí i ká. Ká ní aago 9 àárọ̀ sí aago 3 ọ̀sán ni wọ́n ń sùn. Ọmọ ọdún 6 ṣì wà nílé ìwé fún èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún 3 ni kí ẹ mú jáde láàárín aago 7 sí 9 àárọ̀, kí ó sáré títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti ilé ìwé dé ní nǹkan bí aago 2, ibẹ̀ ni wàhálà máa ń wà, torí pé ọmọ tó jókòó látàárọ̀ fẹ́ fò. Kí ó kọ́kọ́ bọ́ bàtà ilé ìwé lẹ́nu ọ̀nà, kí ó jẹun, kí ó wẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ fún un ní iṣẹ́ ọwọ́. Bí aago 3 bá ti lù, ẹ tú wọn sílẹ̀. Tẹ́ńtẹ́ń àti súwé, ìta nìkan ni o. Ẹ̀yin náà mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń lu ilẹ̀ níbẹ̀.

Ní ọjọ́ òjò, eré ìjókòó kan kì í ju ìṣẹ́jú 10 sí 15 lọ lọ́wọ́ ọmọ ọdún 3, nítorí náà ẹ ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin nílẹ̀. Ẹ̀gúsí bíbó dára fún ọmọ ọdún 6, á tilẹ̀ ràn yín lọ́wọ́. Ẹ má jẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ oṣù 8, torí ó lè há a lọ́fun. Ẹ lè po ìyẹ̀fun fún wọn láti máa mọ nǹkan: ife ìyẹ̀fun fùláwà 2, ife iyọ̀ 1, síbí òróró 1, àti omi díẹ̀díẹ̀, kó má ju ife 1 lọ. Bó bá ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, omi ló pọ̀, ẹ fi fùláwà kún un. Iyọ̀ inú rẹ̀ pọ̀, ẹ ṣọ́ wọn kí wọ́n má jẹ ẹ́. Ẹ fi ọ̀rá wé e pinpin, á lo tó ọ̀sẹ̀ kan. Ọpọ́n ayò lórí ìbùsùn tàbí lórí aṣọ tí a ká lẹ́ẹ̀mẹrin kì í dún. Àlọ́ pàápàá wà ńlẹ̀: ẹni tó bá ń gbe orin àlọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kò ráyè sáré. Tẹlifíṣọ̀n kò gbọdọ̀ ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́ fún ọmọ ọdún 3, ìlànà kan náà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ ṣe ń bá wọn sọ̀rọ̀ tún ṣe pàtàkì. Ẹni tó wà nínú ilé ìdáná tó ń kígbe "Ẹ dákẹ́ ariwo!" ti fi ariwo tirẹ̀ kún un. Ẹ rìn lọ bá wọn, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú yín ṣe déédéé, ẹ sọ ọ́ ní ohùn ìsàlẹ̀, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe. "Ẹ rìn bí ológbò dé yàrá" yé ọmọ ọdún 3 ju "Ẹ má sáré" lọ. Ẹ fi ṣeré pẹ̀lú wọn, kí ẹni tí wọn kò bá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹni tó borí.

Ohun kan tí àwọn òbí kì í kíyè sí: ọmọ tó máa ń pariwo sọ̀rọ̀ nígbà gbogbo, tó ń jókòó mọ́ tẹlifíṣọ̀n tàbí tó ń yí ohùn rẹ̀ sókè, tó ń ní "Hẹ́ẹ̀n?" ní ìgbà gbogbo, ó lè jẹ́ pé kò gbọ́ràn dáadáa ni. Omi tó dúró sẹ́yìn ìlù etí lẹ́yìn ọ̀fìnkìn máa ń fa irú ẹ̀. Ẹ mú un lọ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò kí ẹ tó pè é ní aláriwo.

Òṣìṣẹ́ Ìlera, Alágbàká

Mo fẹ́ sọ ti ọmọ oṣù 8 yẹn, mo sì fẹ́ kí gbogbo ìyá tó bá ń kà á fetí sí apá yìí. Ẹ má fún ọmọ ní oògùn kankan torí kí ó lè sùn kí ará ilé má bàa ráhùn. Promethazine, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Phenergan, kò tọ́ sí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 rárá: ó lè dá èémí rẹ̀ dúró lójú oorun. Oògùn ọ̀fìnkìn tó ń mú oorun wá náà kò tọ́ sí i. Ẹ má sì gbọn ọmọ jìgìjìgì nítorí ẹkún láé. Bí ó bá ti sú yín, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ níbi tí kò ti lè ṣubú, kí ẹ jáde fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹlòmíràn gbà á.

Ní oṣù 8, ọmọ ti mọ̀ pé ìyá òun kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn nìkan tó fún ẹkún. Kí ibùsùn rẹ̀ súnmọ́ tiyín kí ẹ lè tètè fọwọ́ kàn án kí igbe tó ròkè. Ọmọ yìí nílò oorun wákàtí 12 sí 16 lójúmọ́, tọ̀sán tòru. Ọmọ ọdún 3, wákàtí 10 sí 13. Ọmọ ọdún 6, wákàtí 9 sí 12. Ọmọ tí oorun rẹ̀ kò tó kì í sùn wọra lóru, ńṣe ló máa ń jí lemọ́lemọ́. Bí imú rẹ̀ bá dí, ẹ kán omi iyọ̀ imú ọmọ tí wọ́n ń tà nílé oògùn sí i ní kíkán méjì ní ihò kọ̀ọ̀kan kí ó tó mu ọmú. Eyín lè máa dùn ún; ẹ fi aṣọ mímọ́ tó tutù fún un láti jẹ.

Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ ni ẹkún ń pọ̀, tó ń fa etí, tí ara sì gbóná, ẹ lọ yẹ etí wò. Ara tó gbóná tó 38°C tí kò rọlẹ̀, ọmú tó kọ̀, èébì tó láwọ̀ ewé, tàbí ẹkún tí ohunkóhun kò lè dá dúró: ẹ má dúró di ilẹ̀ mọ́.

Ará Ìsàlẹ̀, Ìjàpọ̀

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń gbé abẹ́ dẹ́kìn náà sọ̀rọ̀. Ọmọ Òkè-Àró, kò dáa láti ní kí àgbàlagbà tó ń sanwó ilé kó lọ. Oorun ọ̀sán ni oorun òru wọn.

Màmá Tẹní, ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ má fi WhatsApp ránṣẹ́, ẹ má sì rán láńdíọ́ọ̀dù. Ẹ̀yin àti bàbá ọmọ ni kí ẹ jọ sọ̀kalẹ̀ nígbà tí wọ́n ti jí, tí wọ́n ti jẹun. Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn, ẹ bẹ̀ wọ́n fún èyí tó ti kọjá, kí ẹ wá béèrè ohun mẹ́ta: aago tí wọ́n ń sùn, yàrá tí wọ́n ń sùn sí, àti irú ìró tó ń jí wọn. Ìkẹta yìí ló ṣe kókó jù. Bí wọ́n bá ní "gìrìgìrì", ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Bí wọ́n bá ní "gbàmù", ilẹ̀kùn ni. Bí wọ́n bá ní "kírrr", àga ni. Ẹ ó lè mọ ibi tí owó ẹní fóòmù máa lọ kí ẹ tó ná an. Ẹ fún wọn ní nọ́ńbà fóònù, kí ẹ ní "Bàbá, ẹ kàn fulaṣi wa, a ó ti mọ̀." Ẹni tó bá ti ní ọ̀nà tí yóò gbà sọ ọ́ kì í fi igi ìgbálẹ̀ gbá sílìn.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ́ ẹní, kí ọmọ ọdún 6 sáré lórí rẹ̀ nígbà tí ẹ̀yin wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú bàbá. Kí etí yín gbọ́ ohun tí tiwọn ń gbọ́.

Nípa òfin, kí ẹnikẹ́ni má fi dẹ́rù bà yín, kí ẹ̀yin náà má sì fi ṣe apata. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ariwo, èyí tó jáde ní 2009 lábẹ́ NESREA, àjọ tó ń mójú tó òfin àyíká, fi dB 50 (dẹ̀síbẹ̀ẹ̀lì, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka ariwo) sí ilé gbígbé láti aago 6 àárọ̀ sí aago 10 alẹ́, ó sì fi dB 35 sí i láti aago 10 alẹ́ sí aago 6 àárọ̀. Ọ̀sán ni bàbá yín ń sùn, nítorí náà ìlànà yẹn kò bá oorun wọn mu. Àdéhùn ẹnu yín ló lè gbà wọ́n. Áàpù fóònù tó ń ka dB kì í péye, ẹ má fi bá ara yín jà. Bí láńdíọ́ọ̀dù bá tún dárúkọ nótíìsì, ẹ mú wọn wá wo ohun tí ẹ ti ṣe, kí ẹ sì béèrè ìgbà tí wọ́n máa dí orí ògiri tó wà láàárín fúláàtì méjèèjì, torí ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ayálégbé.

Màmá Tẹní, Ìjọ̀kà

Olúwa á bùsí i fún gbogbo yín. Ní ìrọ̀lẹ́ la máa sọ̀kalẹ̀ lọ kí bàbá. Ìbéèrè kan ló kù: bí ọmọ bá da omi tàbí tọ̀ sórí ẹní fóòmù yẹn ńkọ́?

Bíríkìlà Ọbá-Ilé

Omi á gba ojú àsopọ̀ wọlé, á dúró sórí táìsì, á sì máa rùn, pàápàá ní àsìkò òjò tí nǹkan kì í tètè gbẹ. Ẹ máa tú awẹ́ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ fi omi ọṣẹ nu ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ nà án ró síbi tí atẹ́gùn wà títí yóò fi gbẹ. Ẹ má sá a sóòrùn gangan, á ká, kò sì ní wọnú ara wọn mọ́. Kí ẹ tó tò ó padà, ẹ rí i pé táìsì gbẹ táútáú, torí ẹní tó bá wà lórí omi máa ń yọ̀, ọmọ tó ń sáré lè gbá orí mọ́lẹ̀. Kí ẹ sì fi àyè ìka kan sílẹ̀ láàárín ẹní àti ògiri yípo, kí ó má bàa wú sókè láàárín.